Kí ló dé tí pasta fi jẹ́ pa-sta, tí gatto wá jẹ́ gat-to? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ sílébù Italiano yìí

ÌyáMorẹ́nikẹ́_Brescia

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan, mo sì mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ Italiano dénú wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wò mí níran.

Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kejì ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wálé báyìí ni gígé ọ̀rọ̀ sí sílébù, àwọn ará ibí ń pè é ní divisione in sillabe. Wọ́n á to ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ọmọ á máa fi ìlà kékeré gé wọn. Èyí tó rọrùn ò yọ wá lẹ́nu rárá, ca-sa, pa-ne, ta-vo-lo, kọ́ńsónáǹtì kan fáwẹ́lì kan, bí ẹni ń gé bà-tà àbí ka-la-mù ni, mo tiẹ̀ ti ń sọ fún un pé ìwọ tó o gbọ́ Yorùbá, kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀. Àfi ìgbà tí kọ́ńsónáǹtì di méjì di mẹ́ta lójú kan. Wọ́n ní gatto jẹ́ gat-to, a gbà. Wọ́n ní porta jẹ́ por-ta, a gbà. Ọmọ wá wo pasta, ó ní tí por-ta bá jẹ́ por-ta, pas-ta nìyẹn náà, ló bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tíṣà fi báírò pupa fa ìlà sí i, ó kọ pa-sta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Finestra náà, ọmọ kọ fi-nes-tra, tíṣà ní fi-ne-stra. Ó bi mí pé mọ́mì kí ló fà á, mi ò rí nǹkan kan sọ fún un ju pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ìdáhùn tó máa máa gbà lẹ́nu mi nìyẹn.

Nǹkan míì tún ni pé wọ́n ní Maria jẹ́ sílébù mẹ́ta, Mario wá jẹ́ méjì. Lẹ́tà márùn-ún márùn-ún làwọn méjèèjì, lẹ́tà ìparí nìkan ló yàtọ̀!

Èyí tó kàn mí gan-an fúnra mi ni pé èmi náà ń múra ìdánwò Italiano ìpele B1 nítorí ìwé ọmọ onílùú, tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọjà tàbí ní ọ́fíìsì wọ́n á ní come? come? (kí lẹ wí?), mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo pè wà nínú ìwé ìtumọ̀ dáadáa. Ẹnì kan sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ sílébù yìí náà ló wà nídìí ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ ṣeun o.

TíṣàTóyìn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ma. Mo máa ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé kọ́ Italiano, ìbéèrè pasta yìí kì í pẹ́ kó tó dé, inú mi sì dùn pé ọmọ yẹn béèrè nítorí ohun tó béèrè gan-an ló ni gbogbo òfin náà, tí ẹ bá ti mú un, ìyókù á tẹ̀lé e.

Ẹ wò ó báyìí. Tí kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta bá dúró láàárín fáwẹ́lì méjì, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa bi ara yín: ṣé ọ̀rọ̀ Italiano kan wà tó fi àwọn kọ́ńsónáǹtì yìí bẹ̀rẹ̀? Tó bá wà, ẹ má ya wọ́n, kí gbogbo wọn jọ lọ sí sílébù tó ń bọ̀. Tí kò bá sí, ẹ gé e láàárín. Ó parí. St ńkọ́? Stella wà, studente wà, stanza wà, nítorí náà pa-sta, que-sto, ve-sti-to. Str ńkọ́? Strada wà, ìdí tó fi jẹ́ fi-ne-stra àti ma-e-stra nìyẹn. Sp ńkọ́? Spesa wà, ìyẹn ló fi jẹ́ o-spe-da-le. Ṣùgbọ́n rt, ẹ wá gbogbo ìwé ìtumọ̀ wọn, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ tó fi rt bẹ̀rẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ por-ta nìyẹn. Bákan náà ni al-to, cam-po, can-to. Br wà nínú bravo, nítorí náà li-bro. Pr wà nínú prima, nítorí náà a-pri-le. Dr wà nínú droga, nítorí náà ma-dre. Tó bá jẹ́ mẹ́ta bíi sempre, mpr ò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kankan ṣùgbọ́n pr bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí náà m á dúró sẹ́yìn, pr á lọ, sem-pre, bẹ́ẹ̀ náà ni con-tro àti al-tro.

Èyí tó jẹ́ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi tt tàbí ll tàbí nn bẹ̀rẹ̀, nítorí náà a máa gé e ni nígbà gbogbo, gat-to, pal-la, non-na, maz-zo. Acqua náà wà lára wọn o, torí cq yẹn bíi q méjì ló ṣe rí, ac-qua. Ọ̀rọ̀ soqquadro tí wọ́n fi q méjì kọ ní tòótọ́, soq-qua-dro ni. Tecnica àti ritmo náà, cn àti tm kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn lásán, tec-ni-ca, rit-mo.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá ọmọ ṣe ni ch, gh, gn, gl tó wà níwájú i, àti sc tó wà níwájú e tàbí i. Lẹ́tà méjì ni lójú, ìró kan ni létí. Àwa Yorùbá ò gbọ́dọ̀ rí ìyẹn bí nǹkan tuntun, torí gb tiwa nìyẹn. Ta ló máa gé àgbò sí ag-bo? À-gbò ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ba-gno, fi-glio, pe-sce, a-mi-che, fun-ghi. Ẹ sọ ọ́ fún un báyẹn, ọmọ tó bá ti mọ gb ò tún ní gé gn mọ́ láéláé.

Ti Maria àti Mario ńkọ́. I àti u ni ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀. Tí i tàbí u bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwẹ́lì míì tí ohùn ò sì tẹ̀ ẹ́, ó máa fẹ́ẹ́rẹ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di y tàbí w tiwa, á sì wọlé tọ fáwẹ́lì kejì. Ẹ pe Mario, ẹ máa gbọ́ Má-ryo. Ẹ pe piano, pyá-no. Ẹ pe uomo, wọ́-mo. Nítorí náà Ma-rio, pia-no, uo-mo, cuo-re, fiu-me, Eu-ro-pa. Ṣùgbọ́n Maria, orí i yẹn gan-an ni ohùn tẹ̀, Ma-rí-a, kò lè fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, ó ti di sílébù tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni zi-o, vi-a, far-ma-ci-a, pa-u-ra. Tó bá sì jẹ́ a, e, o ló pàdé ara wọn, àwọn yẹn kì í gbà fún ara wọn, po-e-ta, le-o-ne, pa-e-se.

Kí ẹ má gbàgbé o, i inú ciao tàbí Giovanni ò ní ìró tiẹ̀ rárá, wọ́n fi síbẹ̀ kí c àti g lè rọ̀ ni. Ciao sílébù kan péré, Gio-van-ni mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́_Torino

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, àlàyé yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọmọ yẹn díẹ̀ torí etí ẹ̀ ń gbọ́ nǹkan tó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì níbí. Òfin pa-sta yẹn, òfin ìwé kíkọ ni. Tí a bá ní ká lọ síbi ẹnu, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí ìró Italiano ló gbà pé s yẹn ẹ̀yìn ló rọ̀ mọ́, pas-ta ló ń jáde lẹ́nu ènìyàn. Ẹ ò ní láti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ fi etí ara yín wò ó. Nínú Italiano, tí ohùn bá tẹ sílébù kan tí kì í ṣe ti ìparí ọ̀rọ̀, tí sílébù náà sì parí sí fáwẹ́lì, fáwẹ́lì yẹn máa ń gùn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe casa, caaa-sa. Pane, paaa-ne. Ẹ wá gbọ́ porta, o yẹn kúrú, torí r ti tì í pa. Wàyí o, ẹ gbọ́ pasta. Tó bá jẹ́ pa-sta ni lóòótọ́ lẹ́nu, a yẹn ì bá gùn bíi ti casa. Kò gùn. Kúrú báyìí ló ṣe, bíi ti parte. S ti tì í pa nìyẹn.

Ohun kejì tún wà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ il sale, il sole, ṣùgbọ́n lo studente, lo specchio, lo sbaglio? S ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Àmọ́ s tó ní kọ́ńsónáǹtì lẹ́yìn máa ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn tì, o inú lo ló ń fẹ̀yìn tì, los-tu-den-te ló ń dún. Tí ẹ bá fi il síbẹ̀, l àti s àti t á ṣù jọ sójú kan. Láyé àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú bá parí sí kọ́ńsónáǹtì, i ni wọ́n máa ń fi síwájú s yẹn, wọ́n á ní in Ispagna, in iscuola. Ti òní ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi per iscritto tó ṣì kù, ẹ máa rí i lórí fọ́ọ̀mù ìjọba dòní.

Àwa náà ò fẹ́ ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, àárín ni àwa máa ń fi fáwẹ́lì sí, búrẹ́dì, síléètì, bíríkì. Iwájú làwọn ń fi tiwọn sí. Ìṣòro kan náà, ojútùú méjì, mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Nítorí náà ma, ẹ sọ fún ọmọ pé etí ẹ̀ ò purọ́ fún un.

TíṣàTóyìn

@Akẹ́kọ̀ọ́_Torino òótọ́ lo sọ, mi ò bá ọ jiyàn lórí gígùn fáwẹ́lì yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì kejì ni, àbúrò mi. Tó bá kọ pas-ta lọ́la, báírò pupa náà ló ń dúró dè é. Kó kọ́ ti ìwé kó yè kooro, tó bá dàgbà tó fẹ́ ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè bíi tìrẹ, á bá s yẹn níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ lè sọ fún un pé etí ẹ̀ mú, ìyẹn dára, kó máa tẹ̀lé òfin ìwé ṣá.

Atẹ̀wé_Àgbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àpérò. Iṣẹ́ títo ìwé fún ìtẹ̀ ni mò ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, Italiano wà lára èyí tí mò ń tò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí wà fún, torí kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ fìyà jẹ ọmọdé.

Ọmọ tó ń kọ ìwé tí ìlà bá tán lọ́wọ́ ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán, ibo ló ti máa gé e? Wọ́n ń pe ìyẹn ní andare a capo. Ibi tí sílébù bá parí sí nìkan ló ti lè gé e, ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ wọn láti kékeré nìyẹn. Ìwé ìròyìn, ìwé òfin, ìwé orí kọ̀ǹpútà, òfin kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún Ítálì, UNI, ní ìlànà tó dá lórí èyí nìkan, nọ́ńbà ẹ̀ ni UNI 6461.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ TeX, ètò tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń to ìwé, ó ní àpẹẹrẹ tó fi ń mọ ibi tó ti máa gé ọ̀rọ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan. Frank Liang ló gbé ọ̀nà yẹn kalẹ̀ ní Stanford, ó parí iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ ní 1983, ti Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe lé ní 4,000 àpẹẹrẹ. Ti Italiano tí Claudio Beccari ti Politecnico di Torino ṣe kò tó 500. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn! Gẹ̀ẹ́sì èèyàn gbọ́dọ̀ há ọ̀rọ̀ sórí, Italiano òfin ni, ohun tí Tíṣà kọ sókè yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí fáìlì yẹn ó wú mi lórí gidi.

Àwọn ibi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ò pọ̀. Àkọ́kọ́, fáwẹ́lì méjì tó tẹ̀léra, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ sílébù méjì, àwa atẹ̀wé kì í gé láàárín wọn ní òpin ìlà. Pa-u-ra sílébù mẹ́ta ni nínú ìwé ọmọ, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn ẹ máa rí pau-ra. Bákan náà a kì í fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ ní òpin ìlà, a-mo-re sílébù mẹ́ta ni, lórí ìwé amo-re la máa gé e.

Èkejì ni àpóstírófì. Ìpajẹ ni tiwọn náà, bí gbé ọmọ ṣe ń di gbọ́mọ la ṣe ń rí lo amico tó di l'amico, della arte tó di dell'arte. Tí ẹ bá gé e, del-l'ar-te ni, l kejì yẹn tọ a lẹ́yìn. Tíṣà ilé ìwé ò ní gbà kí àpóstírófì dá dúró ní òpin ìlà, dell' lókè, arte nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ń ṣe é lójoojúmọ́ torí ìlà wọn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí máa ń da àwọn tó mọ gírámà rú ju àwọn tí ò mọ̀ ọ́n lọ: sílébù kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ti so pọ̀. Gatto, tí a bá ní ká tú u, gatt ni gbòǹgbò, o ni ìrù tó ń sọ pé akọ ni, ọ̀kan ṣoṣo. Tó bá di púpọ̀ ìrù á di i, gatti. Tó bá jẹ́ kékeré a ó ki in sáàárín, gatt-in-o. Ìtúpalẹ̀ gírámà nìyẹn. Ṣùgbọ́n sílébù ò wo gbòǹgbò, gat-to, gat-ti-no ni. Ibi tí àyè ti wà díẹ̀ ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, disonore ẹ lè gé e di-so-no-re tàbí dis-o-no-re, wọ́n gba méjèèjì. Èmi di-so-no-re ni mò ń lò, torí bó ṣe ń jáde lẹ́nu nìyẹn.

Ẹ fún ọmọ ní precipitevolissimevolmente kó gé, sílébù mọ́kànlá, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ìyẹn.

Dáyọ̀_Bergamo

Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè tí màmá béèrè fún ara wọn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí ibẹ̀ ló ń dun ọ̀pọ̀ àwa tá a wà níbí.

Ma, ẹni tó sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ sílébù ni, òótọ́ ló sọ. Ẹ wo Yorùbá wa, fáwẹ́lì ló ń parí gbogbo sílébù, àfi ti aránmúpè asesílébù bíi ń inú ń lọ tàbí ǹ inú òroǹbó, ìyẹn náà sílébù tirẹ̀ ló dá jẹ́. Kò sí ibì kan tí a ti ń ti sílébù pa. Ẹnu wa ò ní ibi tó ń dúró sí lórí t kó tó bọ́ sórí t kejì. Nítorí náà tí a bá rí sette a máa ń pe sete. Sette ni méje, sete ni òǹgbẹ. Penna ni báírò, pena ni ìbànújẹ́ tàbí ìyà. Nonno ni bàbá àgbà, nono ni ìkẹsàn-án. Cappello ni fìlà, capello ni irun orí kan. Palla ni bọ́ọ̀lù, pala ni ṣọ́bìrì. Èyí tó lágbára jù ni anno tó jẹ́ ọdún, tí ẹ bá fi n kan pè é ó di ibi tí a kì í dárúkọ níwájú àgbà, ìyẹn ni gbogbo ẹni tó fẹ́ sọ iye ọdún tó jẹ́ fi gbọ́dọ̀ tẹ n yẹn dáadáa, ho trent'anni, an-ni, kí wọ́n má baà wo ara wọn lójú.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Sette, ẹ má gbìyànjú láti pe t lẹ́ẹ̀mejì o, ẹ pe set, kí ahọ́n yín lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín, ẹ dá a dúró síbẹ̀, ẹ̀mí dúró, ohùn dúró, kí ẹ tó tú u sílẹ̀ sí te. Set...te. Fáwẹ́lì tó wà níwájú á kúrú fúnra ẹ̀, ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ sọ yẹn, ìdajì ohun tí etí wọn ń gbọ́ ni. Ẹ wá pe sete, ẹ fa e yẹn gùn, seee-te. Tí ẹ bá ṣe méjèèjì tẹ̀léra wọn sétí aládùúgbò kan tí ara ẹ̀ yá mọ́ yín, kó máa na ìka sí èyí tó bá gbọ́, ẹ máa mọ̀ bóyá ó ti yè. Ti nn àti ll àti ss rọrùn jù torí èèyàn lè fà wọ́n, pennnna. Tt àti pp àti cc, ìdákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn gan-an ni kọ́ńsónáǹtì.

Èkejì ni fáwẹ́lì tí a ń fi há àárín. Studente à ń pè é ní situdente, sport à ń pè é ní síkpọ́ọ̀tù, psicologo di pisikologo. Etí ará Ítálì máa ń ka sílébù, tí ẹ bá fún un ní sílébù kan lé, ó ń wá ọ̀rọ̀ míì nínú orí ẹ̀. Ìdí come? come? yẹn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́ o, torí nǹkan kan wà tí àwa mọ̀ tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ń làágùn lé lórí. Fáwẹ́lì Italiano tí ohùn bá tẹ̀, méje ni, a e ẹ i o ọ u, tiwa gẹ́lẹ́! Wọn ò kàn fi àmì sísàlẹ̀ ni. Pẹ́sca ni èso píìṣì, pésca ni ẹja pípa. Bọ́tte ni lílù tí wọ́n ń lu èèyàn, bótte ni àgbá wáìnì. Ìwé ìtumọ̀ máa ń kọ è fún ẹ wa, é fún e wa. Òótọ́ ni pé ní àríwá níbí, wọn kì í pa á mọ́ bí ìwé ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹnu yín ti ní gbogbo méje tán, kò sí èyí tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Bákan náà ni ibi tí ohùn ń tẹ̀. Àncora ni ìdákọ̀ró, ancóra ni síbẹ̀síbẹ̀. Càpitano, wọ́n ń ṣẹlẹ̀. Capitàno, ọ̀gá àwọn atukọ̀. Capitanò, ó ṣe ọ̀gá wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, sílébù tó ṣáájú ti ìparí ni ohùn ti ń tẹ̀, wọ́n ń pè é ní piana. Tó bá jẹ́ ti ìparí, tronca, wọ́n á kọ àmì sí i, città, perché. Tó bá jẹ́ ìkẹta láti ẹ̀yìn, sdrucciola, ta-vo-lo, kò sí àmì kankan tó máa sọ fún yín, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni. Telefonano gan-an, ìkẹrin láti ẹ̀yìn ni, te-lè-fo-na-no.

Ó ku ẹyọ kan tí kò sí nínú ìwé ọmọ. Tí ẹ bá dé Róòmù tàbí ìsàlẹ̀ Ítálì, ẹ máa gbọ́ a casa bíi akkasa. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan bíi a, è, che máa ń jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀lé e di méjì lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ bíi davvero àti soprattutto, ibẹ̀ náà ni lẹ́tà méjì tó wà láàárín wọn ti wá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa lókè níbí, Brescia, Bergamo, wọn kì í ṣe a casa bẹ́ẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ míì ni.

ÌyáMorẹ́nikẹ́_Brescia

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò ní kú léwe o. Mo ka gb yẹn fún ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mọ́mì ag-bo, ta ló ń jẹ́ ag-bo. Ó ti gé ba-gno àti fi-glio fúnra ẹ̀ láìbi mí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Aiuola ńkọ́? Fáwẹ́lì ló kún inú ẹ̀ bámú, a, i, u, o, l kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èkejì, ṣé wọ́n máa ní kí n gé sílébù nínú ìdánwò B1 yẹn?

TíṣàTóyìn

Ẹ kú oríire ma! Aiuola, a-iuo-la ni. I tó bá bọ́ sáàárín fáwẹ́lì méjì, tọ̀tún ló máa ń bá lọ, bí ẹni pé y ni, a-yuọ-la. Bẹ́ẹ̀ náà ni a-iu-to, no-ia, gio-ia.

Ìdánwò, rárá, CILS, CELI, PLIDA, orúkọ àwọn ìdánwò Italiano nìyẹn, kò sí èyí tó máa ní kí ẹ gé sílébù. Àtìgbà tí wọ́n ti fi B1 sínú òfin ọmọ onílùú ní ìparí 2018, gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ohun tí Dáyọ̀ kọ yẹn máa ràn yín lọ́wọ́ níbi gbígbọ́ àti kíkọ, torí ẹni tí ò gbọ́ t méjì kì í kọ t méjì. Tí ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀ ní CPIA ìlú yín, ẹ lọ, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àgbàlagbà ni.

Ẹ fún ọmọ ní ìwọ̀nyí kó gé, kẹ́ ẹ sì gbé èsì ẹ̀ wá ká wò ó: mostro, coniglio, quaderno, bistecca, scienza, aereo, inchiostro, bugia, ghiaccio. Bugia àti ghiaccio ni kó fara balẹ̀ sí jù, kó kọ́kọ́ pè wọ́n sókè kó tó fi ọwọ́ kan báírò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Torino

Inchiostro! Tíṣà, s yẹn náà lẹ tún fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Ma, tó bá gbé in-chios-tro wá, ẹ kọ́kọ́ kí i fún mi kẹ́ ẹ tó ní kó tún un ṣe.